Àpótí tó yẹ kó dákẹ́: yanrìn, táìsì àti òkúta lára sípíkà Bàbá onílé

Ohun tó wà nílẹ̀

Bàbá onílé wa ní Òkè-Àdó ló ni sípíkà méjèèjì tí mo ṣiṣẹ́ lé lórí yìí. Wúfà íǹṣì mẹ́jọ kan, èyí tó ń gbé báàsì jáde, ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tíwítà kan fún ìró òkè wà lókè rẹ̀, ihò báàsì onípáìpù kan, tí afẹ́fẹ́ inú àpótí ń gbà jáde, wà nísàlẹ̀. Káfíńtà àdúgbò ló kan àpótí náà láti ọjọ́ pípẹ́: pílíwúùdù onídajì íǹṣì, gíga ẹsẹ̀ bàtà méjì, fífẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan, jíjìn ẹsẹ̀ bàtà kan. Tí a bá yọ nínípọn pákó kúrò, àyè inú rẹ̀ á tó lítà 46. Mo gbé ọ̀kan lé òṣùwọ̀n tí àwọn ará ilé fi ń wọn ara wọn, kílò 11 ló jẹ́, wúfà àti gbogbo ẹ̀.

Ìròyìn òwúrọ̀ àti àpàlà alẹ́ ni Bàbá ń gbọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n rò fún mi kò gùn: "Ọmọ mi, ó dà bíi pé inú àgbá ni akọ̀ròyìn yìí ti ń sọ̀rọ̀." Mi ò bá wọn jiyàn. Ẹni tó ti gbọ́ Rediffusion lára ògiri ilé ní Ìbàdàn, tó sì ti gbọ́njú kí tẹlifíṣọ̀n WNTV tó bẹ̀rẹ̀ níbí lọ́dún 1959, etí rẹ̀ ti bá asọ̀rọ̀mágbèsì gbé ju tèmi lọ. Wọ́n tún fi kún un pé kí n má wá bá àwọn sọ ọ̀rọ̀ sípíkà tuntun o. Ìyẹn náà bá mi lára mu. Wúfà inú rẹ̀ dára, bébà rẹ̀ kò ya, rọ́bà etí rẹ̀ kò tíì jẹ. Àpótí ni mo máa bá wí.

Ta ló ń pariwo?

Kí n tó fọwọ́ kan ìṣó kankan, mo fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi. Pálọ̀ Bàbá ní fèrèsé onílúfà lápá méjì, kọ́bọ́ọ̀dù abọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo so fóònù mọ́ ámípù, mo fi áàpù kan gbé ohùn kan ṣoṣo jáde, mo sì rọra ń gbé ohùn náà sókè láti 20 Hz títí dé 500 Hz (Hz ni iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), mo ń rìn káàkiri bó ṣe ń lọ. A ò tíì dé 70 Hz tí gíláàsì lúfà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àwọn abọ́ gba tiwọn níwọ̀nba díẹ̀ lókè ìyẹn. Mo fi rọ́bà túùbù wẹ́wẹ́ há ẹnu irin tó di gíláàsì mú, Màmá sì ní kí n tẹ́ aṣọ sáàárín àwọn abọ́. Ariwo yẹn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ tún sípíkà ṣe nílé onílúfà, kó kọ́kọ́ bá fèrèsé yanjú ọ̀rọ̀ ná. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti tú àpótí palẹ̀ tán pátápátá tí ariwo ọ̀hún ò sì kúrò lójú kan.

Nígbà tí ilé dákẹ́, àpótí ló kù. Tí ohùn bá ti ń sún mọ́ 290 Hz, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí lọ́wọ́ níbi tí mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé. Mo pa ámípù, mo fi oríkèé ìka kan án: "kọ́ọ̀ọ̀ún". Àpótí tó gbádùn kì í dáhùn bẹ́ẹ̀, "kọ́" ni, ó parí. Mo yá ẹ̀rọ tí dókítà fi ń gbọ́ àyà lọ́wọ́ ìyàwó àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mo gbé e kiri ara àpótí níbi tí ìròyìn ti ń lọ. Lára iwájú, a kàn ń gbọ́ kùkùkù. Láàárín gbùngbùn ẹ̀gbẹ́, akọ̀ròyìn ń sọ̀rọ̀ kedere! Pákó ń ka ìròyìn. Ẹ̀yìn náà ń kà á, ṣùgbọ́n ìhà ibi tí wọ́n so wáyà mọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pariwo.

Àwọn kan á sọ pé kí n gbé fóònù lé àpótí kó ka ìgbọ̀n fún mi. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ phyphox, ilé ẹ̀kọ́ gíga RWTH Aachen ní Jámánì ló ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, ó sì dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń mọ ìgbọ̀n nínú fóònù kì í sábà kà ju ìgbà 100 sí 500 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó bá ń gbọ̀n lọ́nà 290 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, fóònù máa nílò àkàyé tó ju 580 lọ kó tó lè rí i bó ṣe rí. Torí náà fóònù wúlò fún mímọ̀ bóyá gbogbo àpótí ń mì síwá sẹ́yìn lábẹ́ báàsì, kò wúlò fún ohùn pákó. Fún ti pákó, mo yọ àwo idẹ pẹlẹbẹ tó ń dún nínú aago tábìlì tó ti bàjẹ́, mo jó wáyà mọ́ ọn, mo fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí, mo ki ìdí wáyà bọ ojú máìkì kọ̀ǹpútà, mo ṣí Audacity, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń yà á bí àwòrán. Owó rẹ̀ kò tó owó bọ́ọ̀lì àti ẹ̀pà. Mo kan àpótí, ó yà á fún mi: òkè ńlá ní 290 Hz, ìrù rẹ̀ gùn.

Ìṣòro méjì ni, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é

Ọ̀rọ̀ "sípíkà ń gbọ̀n" ti kó nǹkan méjì pọ̀, oògùn wọn kò sì dọ́gba.

Èkíní ni pé bí wúfà bá ti bébà síwájú, ara irin rẹ̀ á ti àpótí sẹ́yìn. Òfin Newton ni, kò sí àpótí tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bébà àti kọ́ìlì (wáyà wíwé tó ń ti bébà) wúfà íǹṣì mẹ́jọ máa ń wà ní nǹkan bíi gíráàmù 30. Tí bébà bá rìn mílímítà 5, àpótí kílò 11 tí kò fara ti nǹkan kan á fẹ́ rìn padà ní ìwọ̀n tí kò tó ìdá kan nínú ìdá 70 mílímítà kan ṣoṣo. Ó kéré lóòótọ́, àmọ́ ara àpótí yìí fẹ̀ tó ìlọ́po 40 bébà wúfà, afẹ́fẹ́ tí ara tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ń tì kì í ṣe kékeré. Ibí ni ìwúwo ti jẹ́ oògùn gidi: sọ àpótí di ìlọ́po méjì ìwúwo rẹ̀, ìrìn yẹn á di ìdajì.

Èkejì ni ohùn pákó fúnra rẹ̀, èyí tó ń dún ní 290 Hz. Bí pákó bá ṣe le sí ni ohùn rẹ̀ ṣe ń gòkè, bó bá ṣe wúwo sí ni ohùn rẹ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Tí a bá sọ pákó di ìlọ́po méjì nínípọn, líle rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Tí a bá fi ìwúwo nìkan kún un títí ó fi di ìlọ́po mẹ́rin, líle rẹ̀ ò yí padà, ohùn rẹ̀ á wá sí ìdajì. Kò kú o, ó kàn lọ jókòó síbòmíràn, ó sì lè lọ jókòó síbi tó máa ti dá báàsì lóró. Ohun tó ń pa á ni nǹkan tó máa gba agbára ìgbọ̀n náà tó máa sọ ọ́ di ooru: ẹyọ yanrìn tó ń fara họ ara wọn, tàbí ọ̀dà rírọ̀ tó há sáàárín nǹkan líle méjì.

Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú rẹ̀. Gilbert Briggs, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ Wharfedale sílẹ̀ ní Yorkshire lọ́dún 1932, ti ń ta sípíkà tí wọ́n kó yanrìn sáàárín pílíwúùdù rẹ̀ láwọn ọdún 1950. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ BBC, Harwood àti Mathews, gbé àbájáde ìwádìí wọn lórí àpótí jáde lọ́dún 1977, ìmọ̀ràn tí ilé iṣẹ́ yẹn sì dúró lé lórí ni pé kí pákó tín-ín-rín, kí wọ́n sì lẹ ohun tó ń pa ìgbọ̀n mọ́ ọn nínú. Sípíkà kékeré LS3/5A tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ wọn, pákó mílímítà 12 ni. Ìwọ̀n pákó Bàbá gan-an nìyẹn! Pákó tín-ín-rín ò ṣẹ̀. Ìhòòhò tí wọ́n fi í sí ló fà á.

Èrò mi wá rọrùn: kí ìwúwo tí mo máa fi kún un má jẹ́ ìwúwo lásán, kó jẹ́ èyí tó ń gbé ìgbọ̀n mì, kí n sì gbé e síbi tí pákó ti ń sọ̀rọ̀ jù. Bíríkì tí àwọn ènìyàn máa ń gbé lé orí sípíkà ò débẹ̀. Mo dán an wò nítorí àríyànjiyàn, mo to bíríkì lé e lórí: àpótí kò mì síwá sẹ́yìn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ń ka ìròyìn rẹ̀ lọ láìyẹsẹ̀.

Èyí tí mo kọ̀

Òjé ló wúwo jù nínú ohun tó rọrùn láti rí: ó ju kílò 11 lọ nínú lítà kan. Àwọn fọkanáísà ní in, àwọn tó ń ra bátìrì àlòkù ní in. Mi ò jẹ́ kó wọ ilé tí ọmọdé ń sáré kiri. Yíyọ́ rẹ̀ lórí iná lágbàlá sì burú ju gbogbo rẹ̀ lọ, májèlé rẹ̀ á wọ iyẹ̀pẹ̀, kò ní jáde bọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi mẹ́káníìkì ní kí n wá kó dísìkì bíréèkì tó ti jẹ. Irin náà wúwo dáadáa, irú irin yẹn kì í sì dún gbọnrangandan bíi páànù irin lásán. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbà á ni pé irin ńlá kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ òòfà wúfà, àyè àpótí yìí ò sì gbòòrò.

Sìmẹ́ńtì? Ó dára fún ìpìlẹ̀. Inú ara ògiri àpótí, ó le, ó wúwo, ṣùgbọ́n kì í fara họra bíi yanrìn, omi rẹ̀ á sì wú pílíwúùdù.

Bódìjà

Ọjà pákó Bódìjà ni mo lọ. Mo ra pílíwúùdù tín-ín-rín, mílímítà 9, fún awọ ìta, mo sì ra pákó wáán-bàì-wáàn, èyí tí wọ́n rẹ́ títí ó fi ku sẹ̀ǹtímítà méjì. Ọ̀gá káfíńtà tó bá mi gé e jẹ́ àgbàlagbà, ó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ó gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ fẹ́ kó yanrìn sínú sípíkà? Ṣé ẹ fẹ́ rọ búlọ́ọ̀kù ni?"

"Ọ̀gá, ẹ sáà bá mi gé e tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni, kò ní wọnú."

"Pákó igi apá ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe é lẹ́ẹ̀kan ká má tún un ṣe mọ́. Pákó gidi ń dún."

Wọ́n sọ òótọ́, òun náà sì ni ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ. Àwọn agbẹ́lù máa ń wá igi ọ̀mọ̀, àwọn àgbà sì máa ń sọ pé èyí tó hù sẹ́bàá ọ̀nà ló dára jù, torí ó ti ń gbọ́ ohùn èèyàn láti kékeré. Ìlù la fẹ́ kó fọhùn. Àpótí sípíkà, ohùn ẹlòmíràn ló ń gbé, tó bá fi tiẹ̀ kún un, ó ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Mo ṣàlàyé bẹ́ẹ̀ fún ọ̀gá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gé pákó mi, wọ́n gé e gún ju bí mo ṣe retí lọ.

Lọ́nà àbọ̀, mo yà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gé gíráníìtì fún orí tábìlì kíṣìnnì. Àwọn àjẹkù wọn máa ń wà lẹ́yìn ìsọ̀, wọn kì í fẹ́ rí i mọ́. Mo gba méjì tó nípọn sẹ̀ǹtímítà méjì, wọ́n fi ẹ̀rọ gé e sí ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú àti lóròó fún mi. Kílò márùn-ún dín díẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Táìsì ilẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ń lẹ táìsì nílé kejì ni mo ti rí i.

Inú

Wúfà àti tíwítà ló kọ́kọ́ jáde, mo wé wọn sínú láílọ́ọ̀nù, mo gbé wọn lọ sí yàrá mìíràn. Èyí ṣe pàtàkì. Àlàfo tí kọ́ìlì wúfà ń gbà lọ gbà bọ̀ kò tó mílímítà kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ yanrìn kan péré tó bá bọ́ síbẹ̀, wúfà ti dà bí ẹni tí ohùn rẹ̀ há nìyẹn, á máa họ títí ayé.

Mo há igi kan sáàárín ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ẹ̀gbẹ́ òsì, mo fi gọ́ọ̀mù káfíńtà funfun mú un. Mi ò gbé e sí àárín gan-an, mo yẹ̀ ẹ́ sókè díẹ̀. Tó bá wà ní àárín, ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ á di ìbejì, wọ́n á máa dún ní ohùn kan náà. Bó ṣe wà yìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ohùn tiẹ̀, wọn ò lè gbe ara wọn.

Ẹ̀yìn àpótí ló gba táìsì, láti inú. Mo kọ́kọ́ lẹ téèpù dúdú ọlọ́dà tí wọ́n fi ń dí òrùlé tó ń jò mọ́ pákó, mo tẹ̀ ẹ́ kó má sí afẹ́fẹ́ lábẹ́ rẹ̀, kí n tó tẹ táìsì mọ́ ọn. Pákó lẹ́yìn, táìsì níwájú, ọ̀dà rírọ̀ láàárín. Nígbà tí pákó bá fẹ́ tẹ̀, táìsì á kọ̀, ọ̀dà á wá máa fà síhìn-ín sọ́hùn-ún láàárín wọn, ibẹ̀ ni ìgbọ̀n ń kú sí. Tó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì táìsì ni mo fi lẹ̀ ẹ́, wọn ì bá di ara kan, á le sí i, á wúwo sí i, ohùn á ṣì wà níbẹ̀. Mo fi pákó kéékèèké gbá etí táìsì yí ká nítorí oṣù kẹta: ooru Ìbàdàn lè mú kí ọ̀dà rọ̀, kí táìsì sì máa yọ̀ wá sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má lo ọ̀dà olómi tí wọ́n fi kẹrosín tàbí pẹtiróòlù là. Òórùn rẹ̀ kì í tán nínú àpótí tó dé, ó sì lè jẹ rọ́bà tàbí fóòmù etí wúfà.

Yanrìn

Ìta ni mo kọ́ ògiri yanrìn sí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò. Ká ní inú ni mo kọ́ ọ sí, ògiri kọ̀ọ̀kan á jẹ lítà márùn-ún dín díẹ̀. Lítà 46 á di 36 àti díẹ̀, ihò báàsì tí wọ́n ṣe kó máa dún ní 42 Hz á sì sáré gòkè lọ sí 47 Hz. Páìpù ihò báàsì Bàbá jẹ́ íǹṣì mẹ́ta ní fífẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 11 ní gígùn. N bá ní láti sọ ọ́ di sẹ̀ǹtímítà 15 kí ohùn tó padà síbi tó wà. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ fi wàhálà yẹn ṣe nígbà tí àyè wà níta? Àpótí kàn fẹ̀ sí i ni, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Táìsì àti igi tó wọnú kò jẹ ju lítà kan àbọ̀ lọ, etí ò lè mọ ìyẹn.

Yanrìn odò ni mo lò, mo sẹ́ ẹ títí kò fi sí ewé, kò sí òkúta. Yanrìn tútù lọ̀tá pílíwúùdù. Mo yá agbada irin ńlá lọ́wọ́ ìyá tó ń yan ẹ̀pà lópòópónà wa, àwọn náà kúkú mọ̀ nípa yanrìn gbígbóná ju ẹnikẹ́ni lọ. Àwọn ló kọ́ mi pé kí n má da púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan, kí n sì máa ro ó láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Nígbà tó tutù, mo bu díẹ̀ sínú láílọ́ọ̀nù funfun, mo so ó, mo gbé e sínú oòrùn. Tí ìrì bá lẹ̀ mọ́ inú láílọ́ọ̀nù, omi ṣì wà níbẹ̀. Ìṣe àkọ́kọ́ tí mo yan fi ìrì hàn, mo dá a padà sínú agbada. "Ẹ̀pà yín ò tíì jinná," ni ìyá ń wí.

Mo fi gọ́ọ̀mù àti síkúrùù kan wáán-bàì-wáàn yí etí ẹ̀gbẹ́ ká, mo gbé pílíwúùdù mílímítà 9 bò ó, mo fi sílíkóònù dí gbogbo oríkèé láti inú. Yanrìn kì í fojú kékeré wo ihò. Mo wọn síkúrùù kí ìkankan má baà yọ sínú àpótí, torí ihò abẹ́rẹ́ lásán tó bá jáde sí inú á máa súfèé nígbà tí báàsì bá le. Láàárín, mo gbé igi kékeré méjì há awọ ìta àti awọ inú kí ìwúwo yanrìn má baà tì wọ́n wú síta, mo sì fi rọ́bà túùbù sí orí igi náà kí ìgbọ̀n má baà gba orí rẹ̀ kọjá. Ihò ìrọ́sí kan wà lókè ògiri kọ̀ọ̀kan.

Mo gé ike omi, ó di ọ̀pá ìrọ́sí. Mo ń dà á, mo ń fi òòlù onírọ́bà gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó kún dé ẹnu, mo dá wúfà padà sí àyè rẹ̀, mo gbé ohùn 40 Hz sí 100 Hz jáde bó ṣe le tó, mo jókòó tì í. Yanrìn sọ̀ kalẹ̀ gan-an, àyè ṣí sílẹ̀ lókè. Mo dí ojú wúfà pa, mo tún da yanrìn sí i, mo tún gbé ohùn náà jáde, títí kò fi sọ̀ mọ́. Ẹni tó bá dí ihò ìrọ́sí pa lọ́jọ́ àkọ́kọ́ á fi òkè pákó sílẹ̀ lófìfo láìmọ̀. Èmi fi ìdérí onísíkúrùù dé e, kí n lè padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Yanrìn gbígbẹ ń wọn nǹkan bíi kílò 1.6 nínú lítà kan, ògiri kọ̀ọ̀kan sì gba lítà mẹ́ta. Kílò mẹ́wàá dín díẹ̀ ló wọ àpótí kan.

Ìdí àti ẹsẹ̀

Gíráníìtì wá sábẹ́, téèpù ọlọ́dà kan náà láàárín rẹ̀ àti ìdí àpótí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni mo fún un, méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, nítorí ilẹ̀ teráásò ilé yìí kò tẹ́jú, ẹsẹ̀ mẹ́rin á sì máa fi ọ̀kan ṣeré lókè. Rọ́bà líle ni ẹsẹ̀ náà. Àwọn kan fẹ́ràn irin ṣóńṣó. Màmá ti sọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún mi tí nǹkan bá họ teráásò wọn, nítorí náà a ò jíròrò ìyẹn jìnnà.

Ohun tí a gbọ́

Kílò 31 ni àpótí kan báyìí, ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ dín díẹ̀. Mo tún lẹ àwo idẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́, mo kàn án. Òkè ńlá tó wà ní 290 Hz ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Nǹkan kan ṣì ń gbé orí sókè díẹ̀ nísàlẹ̀, ní àyíká 130 Hz, ṣùgbọ́n kò ní ìrù, bó ṣe yọjú ló ṣe wọlẹ̀. Ẹ̀yìn tó gba táìsì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, òun náà kò pẹ́ kó tó pa ẹnu mọ́. Iwájú, ibi tí wúfà wà, ni mi ò fọwọ́ kàn, òun ló sì ń dún jù báyìí, kò tó nǹkan. Mo gbé ẹ̀rọ dókítà lé ẹ̀gbẹ́: mo gbọ́ pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ níbì kan, mi ò mọ ohun tó ń sọ.

Bàbá jókòó sáyè wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni pé, "O ti dín báàsì rẹ̀ kù."

Mo ti ń retí rẹ̀. Àpótí tó ń dún máa ń fi ohùn ara rẹ̀ sanra fún orin, etí tó ti mọ́ ọn lára á kà á sí báàsì. Báàsì gidi, èyí tó wà nísàlẹ̀ 60 Hz, kò kúrò níbì kankan, ó dọ́gba pẹ̀lú ti tẹ́lẹ̀, ìwúwo àpótí ò sì lè fi kún un. Mi ò ṣàlàyé. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi àpàlà sí i ná."

Àgídìgbo ló tú àṣírí. Tẹ́lẹ̀, ohùn kan wà lára àgídìgbo yẹn tó máa ń ga ju àwọn yòókù lọ ní gbogbo ìgbà tí alùlù bá ti tẹ̀ ẹ́, mo sì ti rò pé bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, pé ó fẹ́ràn ahọ́n irin yẹn. Àpótí ló fẹ́ràn rẹ̀. Báyìí, gbogbo ahọ́n náà dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀, ó ń parí, ìró ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì dúró gedegbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá gbọ́ ojú kan tán, wọ́n ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún dé ibì kan, wọ́n na ìka sókè: "Ẹni tó ń gbe orin lẹ́yìn yẹn, ṣé méjì ni wọ́n?" Méjì ni wọ́n.

Ohùn akọ̀ròyìn ọkùnrin náà fúyẹ́, ó sún mọ́ni. Ti obìnrin kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ìró òkè, ti tíwítà, kò yí padà rárá, ẹni tó bá sọ fún yín pé yanrìn mú tíwítà òun dán, ẹ kí i dáadáa.

Ohun tó kù

Kílò 31 kì í ṣe ẹrù ẹnì kan. Mo ti ní kí wẹ́dà ṣe ọwọ́ irin sí ẹ̀yìn rẹ̀, kó gba inú wáán-bàì-wáàn kọjá, kó má gba pílíwúùdù mílímítà 9. Màmá fẹ́ kí awọ ìta ní àwọ̀ kan náà pẹ̀lú kọ́bọ́ọ̀dù, fáníìṣì sì ń bọ̀ lẹ́yìn òjò. Màá ṣí ìdérí ìrọ́sí wò nígbà yẹn, bí yanrìn bá tún ti sọ̀, ìyókù wà nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó ti gbẹ.